Ilé Orí Táyà, Ọ̀nà Òkè-Ògùn

Ọkọ̀-ilé ni ọkọ̀ tí ènìyàn lè sùn sí, kí ó dáná nínú rẹ̀, kí ó sì wẹ̀ níbẹ̀ láì wá ilé onílé lọ. Ní Amẹ́ríkà, òun ni ọ̀pọ̀ ẹbí fi ń lo ìsinmi oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ nínú àwọn ọgbà ìjọba tó wà láàrin òkè, bíi Yellowstone tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1872 àti Yosemite ti 1890. Wọn á háyà ọkọ̀ náà, wọn á kó oúnjẹ kún un, wọn á wà á lọ síbi tí iná àti omi ti ń dúró dè é. Ní Kòsọ́fẹ́ l'Ékòó, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú ń rí. Bí ó bá gba Kétu kọjá, àwọn ọmọdé á sáré tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n ilé orí táyà kò ṣàjèjì sí ọjà Máìlì 12 ní Kòsọ́fẹ́. Tírélà tó ń kó tòmátò bọ̀ láti Kánò tàbí Kàdúná, ilé ni fún awakọ̀ àti ọmọ mọ́tò rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ẹrù bá fi wà lójú ọ̀nà, àti ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúró de owó lẹ́yìn tí wọ́n bá já apẹ̀rẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Ibùsùn tóóró kan wà lẹ́yìn àga awakọ̀. Ọ̀gá ló ni ín. Ọmọ mọ́tò á tẹ́ ẹní tirẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, láàrin táyà àti táyà, níbi tí òòrùn kò lè bá a. Búta omi àlùwàlá á wà nítòsí orí rẹ̀, sítóòfù á máa jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣòkòtò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ á rọ̀ mọ́ dígí ọkọ̀. Yàtọ̀ sí fíríìjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, díẹ̀ ni ohun tí ọkọ̀-ilé Amẹ́ríkà fi ju tírélà yìí lọ, àfi pé ẹni tó wà nínú tọ̀hún ń sinmi, ẹni tó wà nínú èyí ń ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ yẹn kò kéré.

Òkè àti ọgbà ńkọ́? Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,419, wà ní agbègbè ọgbà Gashaka-Gumti lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù. Ó jìn ju ibi tí ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin lè gbé ará Kétu dé lọ. Èyí tó súnmọ́ ọn ni Old Oyo National Park, ọgbà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ṣọ́ ẹranko àti ahoro Ọ̀yọ́-Ilé. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Igbó méjì ni wọ́n so pọ̀ ṣe é: ti òkè odò Ògùn tí wọ́n ti fi sábẹ́ ìṣọ́ láti 1936, àti ti Ọ̀yọ́-Ilé tí ó tẹ̀lé e ní 1941. Ní 1952 àwọn méjèèjì di igbó ẹranko. Ní 1991 ni ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga tó mítà 330 sí 508 ju òkun lọ. Ẹni tó ti gun òkè Ìdànrè lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń gbé Àgílítì, tí ilẹ̀ ilé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú omi ọ̀sà, 508 mítà kì í ṣe kékeré.

Omi ló so ọgbà yìí mọ́ Kòsọ́fẹ́. Odò Ògùn sun ní agbègbè Ṣakí, ó gba inú ọgbà náà kọjá, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì wá já sínú ọ̀sà Èkó nítòsí Máìlì 12 àti Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Yemọja ló di odò náà nígbà tó bínú kúrò nílé ọkọ ní Ṣakí. Láti ara odò yìí ni wọ́n ti sọ gbogbo ìhà ọ̀hún ní Òkè-Ògùn, ìhà tí iṣu, èlùbọ́ àti ata ti ń sọ̀kalẹ̀ wá sí ọjà Máìlì 12. Iṣu ń ti òkè bọ̀, omi ń ti òkè bọ̀. Ará Kòsọ́fẹ́ nìkan ni kì í gòkè lọ wò ó.

Omi náà kì í sì í fìgbà gbogbo bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ọ̀yán, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn odò tó ń ṣàn sínú Ògùn, ní ìdídò ńlá tí wọ́n ṣí ní 1983, tó ń pèsè omi fún Abẹ́òkúta àti Èkó. Bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì tú omi ibẹ̀ sílẹ̀, Àgílítì àti Ajégúnlẹ̀ ló ń gbà á sílé. Ní oṣù kẹwàá 2010, omi wọlé débi pé ọkọ̀ ojú omi ni àwọn kan fi ń jáde láti yàrá wọn, ìjọba sì kó lára wọn lọ sí àgọ́ ìrànwọ́ ní Agbọ́wà. Irú àgọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìhà yìí mọ̀ nìyẹn: ibi tí omi lé ènìyàn lọ, kì í ṣe ibi tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ.

Àkókò tó yẹ fún ìrìnàjò lọ sí ọgbà náà kò bá ti òyìnbó mu. Oṣù keje àti ìkẹjọ tí wọ́n ń pè ní ìgbà ooru lọ́dọ̀ wọn, tó bọ́ sí ọlidé gígùn àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó, ìgbà òjò ni ní Òkè-Ògùn. Koríko á ga ju ènìyàn lọ, ojú ọ̀nà inú ọgbà á di ẹrẹ̀, ẹranko á sì fọ́n ká nítorí omi wà níbi gbogbo. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin ni ó dára. Nígbà náà, odò kéékèèké á ti gbẹ di kòtò omi, ìgalà, imàdò àti ọ̀bọ á sì máa wá mu níbẹ̀ lójú ẹni. Ìsinmi Kérésìmesì tàbí ti Àjíǹde ló yẹ kí ará Kétu fi lọ, kí ẹni tó bá lọ ní Kérésìmesì sì mú aṣọ òtútù dání, nítorí ọyẹ́ òru Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lẹ́nu ọ̀nà ọgbà kò jọ èyí tó ń fẹ́ ní Ìkòsí.

Níwọ̀n bí ọkọ̀-ilé kò ti sí, bọ́ọ̀sì Hiace ni wọ́n fi ń dọ́gbọ́n. Tí wọ́n bá tú ìlà àga méjì ẹ̀yìn, fọ́ọ̀mù á gba àgbàlagbà mẹ́ta. Orí òrùlé ni kéègì omi ń gbé. Sílíńdà gáàsì kékeré, àpẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́bìrì á wà lábẹ́ àga. Ṣọ́bìrì ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbàgbé, nítorí òun ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn ìyá ilé tún máa ń fẹ́ ra iṣu kún ọkọ̀ ní Máìlì 12 kí wọ́n tó gbéra, bí ẹni ń ru omi lọ sódò: ilẹ̀ tí wọ́n ti wa iṣu náà gan-an ni wọ́n ń lọ.

Láti Ọ̀jọ́tà, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ni ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ìbàdàn ni Ọ̀yọ́, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ ọgbà náà wà. Ibẹ̀ ni a ti ń gba ìwé àṣẹ, tí a sì ń béèrè bí ààbò ti rí, nítorí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ igbó láì kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn ẹ̀ṣọ́. Ìsẹ́yìn tó tẹ̀lé e kún fún ìró òfì, nítorí ìlú aṣọ òkè ni. Ẹni tó bá fẹ́ nasẹ̀ lè yà sí Adó-Àwáyè, níbi tí adágún omi Ìyákẹ́ jókòó sí lórí àpáta. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, igi á dínkù, eruku á di pupa, títí wọn á fi dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tí ẹnu ọ̀nà ọgbà wà.

Òru ni èrè ìrìnàjò náà. Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí kọ́ndọ́. Ìràwọ̀ tí iná Èkó kì í jẹ́ kí a rí á bo ojú ọ̀run. Ẹni tó wá wo ẹfọ̀n lè má rí ẹyọ kan, nítorí ẹranko onítìjú ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kò ní jẹ́ kí ó sùn. A kì í dá iná sílẹ̀ kí a lọ sùn, nítorí koríko gbígbẹ kò mọ àlejò. A kì í sì í gbé ìbọn tàbí pàkúté wọlé.

Ní apá àríwá ọgbà ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, ìlú tí àwọn Aláàfin ti jọba kí ogun Ìlọrin tó tú u ká ní nǹkan bí 1835. Igi oṣè, àfọ́kù ìkòkò àti ìpìlẹ̀ odi ló kù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ṣọ́ tó mọ ọ̀nà, kí ó sì fi odidi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún un. Àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn lè fi Ìgbòho rọ́pò rẹ̀, níbi tí Aláàfin mẹ́rin sùn sí nínú Igbó Ọba, láti ìgbà tí ogun Tápà lé Ọ̀yọ́ wá síbẹ̀.

Ìpadàbọ̀ máa ń yá ju àlọ lọ, nítorí ilẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀, iṣu tí wọ́n rà ní Ọ̀tú sì ti wúwo lẹ́yìn ọkọ̀. Wọn á bá àwọn lọ́rì Òkè-Ògùn wọ Máìlì 12 lóru. Ní ọjọ́ Ajé, wọn á de àga padà, ọkọ̀ á sì wà ní Ọ̀jọ́tà tí kọ́ndọ́ ń pe Ìbàdàn, ẹnì kan péré. Èrò tó jókòó sẹ́yìn á sì máa béèrè ibi tí eruku pupa ti wá.