Ẹ Jẹ́ Kí Á Lọ Wò Ó: Láti Yemetu dé Òkè-Ẹ̀rí

  Wọ́n ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ lórí àwọn ìrìn-àjò tí èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì àgbà rìn láti lọ wo àwọn ibi ìtàn àti àwọn òkè ilẹ̀ wa. N óò sọ ohun tí ojú wa rí. N óò sì sọ àṣìṣe tèmi náà, nítorí pé òun gan-an ni ó gbé wa dìde nílé.

Ìbéèrè ọmọ kan ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. À ń ka Súrà An-Naml lọ́wọ́, a dé ibi ìtàn Ànábì Sulaiman àti ayaba ilẹ̀ Saba. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi láti ọdún pípẹ́, mo sọ fún àwọn ọmọ pé Bílíkísù ni orúkọ ayaba yìí, àti pé kò jìnnà sí wa rárá, Òkè-Ẹ̀rí lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde ni sàréè rẹ̀ wà. Bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ fún mi ni èmi náà ṣe ń sọ ọ́. Ọmọdébìnrin kan nawọ́. Ó ní, "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti dé ibẹ̀ rí?" Mo ní rárá. Ó tún ní, "Ta ni ó wá sọ fún yín sà?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó jókòó.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Nínú Súrà kan náà tí à ń kà yẹn, ẹyẹ Hudhud fò lọ sí Saba, ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, ó sì mú ìròyìn tí ó dájú bọ̀ wá fún Ànábì Sulaiman. Síbẹ̀, Ànábì Sulaiman kò kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní òun yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni ẹyẹ náà sọ tàbí irọ́. Ẹyẹ lọ wò ó. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ kò lọ wò ó.

Mo tọ Mùdíìrù wa lọ, mo ní mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Òkè-Ẹ̀rí. Wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Wọ́n bi mí pé, "Àwọn ọmọ tí ẹ fẹ́ kó lọ sí Ìjẹ̀bú yìí, mélòó nínú wọn ni ó ti gun Láyípo rí?" Nígbà tí mo bi wọ́n ní kíláàsì, ọwọ́ mẹ́ta péré ni ó lọ sókè. Ẹ gbọ́ o, nínú àwọn tí kò nawọ́, a rí ọmọ Bẹyẹrúnkà, a rí ọmọ Ọjà'ba!

Nítorí náà, ní Sátidé kan, ẹsẹ̀ ni a fi rìn láti Yemetu. A gba Bẹẹrẹ, a gun òkè Mapo. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ yìí ń wo gbọ̀ngàn náà lókèèrè pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó mọ̀ pé 1929 ni wọ́n ṣí i, ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Láti iwájú rẹ̀ ni a ti wo Ọjà'ba nísàlẹ̀, níbi tí mọ́ṣáláṣí àpapọ̀ Ìbàdàn wà. Lẹ́yìn náà ni a kọjá sí Òkè Ààrẹ, a sì gun Láyípo. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 60, àtẹ̀gùn inú rẹ̀ sì ń yí po bí ìkarahun ìgbín, ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ. Nígbà tí a dé òkè téńté, gbogbo Ìbàdàn tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa, páànù tí ó ti dípẹtà láti ìhín dé ọ̀hún. Àwọn ọmọ ń nàka sí òrùlé ilé bàbá wọn.

Mo wá bi wọ́n pé, ta ni wọ́n kọ́ ilé gíga yìí fún? Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ìrántí Kápútéènì Robert Lister Bower ni, òyìnbó àkọ́kọ́ tí ó ṣe Rẹ́sídẹ́ǹtì ní Ìbàdàn láti 1893 sí 1897. Ní 1936 ni wọ́n kọ́ ọ. Ọkùnrin kan náà yìí ni ó yìnbọn àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní 1895. Àwọn ọmọ dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Èmi rò pé ilé ìgbafẹ́ lásán ni." Ohun tí ó wà níwájú ilé ẹni nìyẹn o, tí a kò bèèrè ìdí rẹ̀.

Abẹ́òkúta ni a fẹ́ lọ tẹ̀lé e, láti wo Òkúta Olúmọ. Ibẹ̀ ni ìjà dé. Nígbà tí ìwé ìyọ̀ǹda dé ọwọ́ àwọn òbí, ìyá kan wá sí ilé-kéú pẹ̀lú ìbínú. Ó ní, "Ààfáà, ojúbọ wà ní Olúmọ. Kéú ni mo ní kí ẹ kọ́ ọmọ mi, n kò ní kí ẹ mú un lọ sí ilé òrìṣà." Bàbá àgbà kan ní mọ́ṣáláṣí sì tì í lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé ìgbàgbọ́ ọmọ ṣe pàtàkì ju ìrìn-àjò lọ. Mùdíìrù pe ìpàdé. Wọ́n ní Àlùkùránì rọ̀ wá ní ọ̀pọ̀ ibi pé kí á rìn lórí ilẹ̀, kí á sì wo bí ìgbẹ̀yìn àwọn tí ó ṣáájú wa ti rí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní kí á lọ wo ahoro wọn ni kì í ṣe onígbàgbọ́. Wọ́n ní wíwò yàtọ̀ sí bíbọ. A wá fẹnu kò pé a kò ní tọrọ ohunkóhun níbi kankan, a kò ní jẹ, a kò ní mu ohun ètùtù. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fẹ́ yóò jókòó sílé láìsí ìyà. Òbí tí ó bá sì wù ú lè bá wa lọ. Ìyá yẹn ni ó kọ́kọ́ san owó ọkọ̀ tirẹ̀. Ó ní òun yóò fi ojú òun ṣọ́ wa.

Olúmọ ga, ó tó mítà 137 sókè ju ìpele òkun lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wa lọ́kàn kì í ṣe gíga rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni, níbi tí òkúta ti ṣíji bo ilẹ̀ bí òrùlé tí ó rẹlẹ̀, tí àgbàlagbà ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó wọlé. Ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun. Àwọn ihò tí wọ́n ti ń lọ ata ṣì wà lójú òkúta títí di òní. Mo wá sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ wa ní Ìbàdàn ni àwọn Ẹ̀gbá yìí ti kúrò. Nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ ibùdó ogun, tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ jọ wà níbẹ̀, àwọn Ẹ̀gbá náà wà láàárín wọn. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀, tí ara kò rọ̀ wọ́n mọ́, Ṣódẹkẹ́ kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta ní 1830. Ìyá tí ó bá wa wá fọwọ́ kan àjà òkúta náà. Ó ní, "Àwọn bàbá wa ni wọ́n wá ń sá fún!" Kò sọ ọ̀rọ̀ òrìṣà mọ́ títí a fi délé.

Níkẹyìn ni a wá gba ọ̀nà Ìdí-Ayùnrẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí a sì dé Òkè-Ẹ̀rí. A kọ́kọ́ wo Ẹrẹdò. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹni tí kò dé ibẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n. Yàrà ni, irú èyí tí àwọn baba wa ń gbẹ́ yí ìlú ká, ṣùgbọ́n yàrà yìí kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo. Ó yí odidi ilẹ̀ kan po, gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 160, àwọn ibòmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi rẹ̀ tó 20 mítà. Igi ti bò ó, ilẹ̀ pupa rẹ̀ sì tutù nínú òkùnkùn. Ọdún 1999 ni òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun nípasẹ̀ iṣẹ́ òyìnbó onímọ̀ kan, Patrick Darling, tí ó rìn ín tí ó sì wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ ti ń pìtàn rẹ̀ tipẹ́: wọ́n ní opó ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, Súngbọ́, ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parẹ́.

A dé ibi sàréè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, nítorí ìgbàgbọ́ pé ayaba Saba ni ó sùn síbẹ̀. A kí àwọn tí a bá níbẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a gbọ́ ìtàn wọn. Nígbà tí a jókòó sábẹ́ igi láti jẹun, mo kó ìwé tí mo ti kà jáde, àwa àti àwọn ọmọ sì jọ ṣírò rẹ̀. Ayé Ànábì Sulaiman ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ní ti Ẹrẹdò, àwọn onímọ̀ kan ní ó ti lé ní 1,000 ọdún. Ìwádìí àìpẹ́ yìí ní kò ju bí 600 ọdún lọ. Èyíkéyìí tí a bá mú, ó kéré sí ti Sulaiman jìnnà. Nítorí náà, bí Súngbọ́ bá ni ẹni tí ó gbẹ́ yàrà yìí, kò lè jẹ́ ayaba tí Hudhud rí. Ilẹ̀ Yemen ni àwọn onímọ̀ sì mọ̀ sí ilẹ̀ Saba, níbi tí ahoro ìdídò Maʼrib wà di òní. Àlùkùránì pàápàá kò dárúkọ ayaba náà. Àwọn atúmọ̀ ni ó pè é ní Bílíkísù.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo dúró níwájú kíláàsì. Mo ní, "Ohun tí mo ń kọ́ yín láti ọjọ́ yìí, n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dárí jì mí." Ó nira, ẹ má rò pé ó rọrùn. Ọmọdébìnrin yẹn kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, "Ẹ ṣé sà."

Bàbá àgbà wa ní mọ́ṣáláṣí kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ti gba iyì yẹn lọ́wọ́ wa nìyẹn." Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ dá wọn lóhùn pé rárá, bàbá. Ọwọ́ àti irinṣẹ́ lásán ni àwọn baba wa fi gbẹ́ kìlómítà 160. Ṣé ó dìgbà tí ayaba bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá wá kí iṣẹ́ wọn tó níyì? Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ óò mú èmi náà lọ wò ó."

Ẹ̀yin òbí, ilẹ̀ wa kún fún ibi tí ó yẹ kí ọmọ rí. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Júláì, 1894, tí Sultan ilẹ̀ Tọ́kì rán aṣojú sí. Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lé ní 600. Ní Ìkógòsì, omi gbígbóná àti omi tútù pàdé. Ní Lọ́kọ́ja, odò Ọya àti Bẹ́núè di ọ̀kan. Owó ò pọ̀, a mọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Mapo àti Láyípo, ẹsẹ̀ ni ó ń gbé ni débẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí olùkọ́ bá sọ nǹkan fún yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ọ, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ bèèrè bóyá ó ti dé ibẹ̀. Kí Allah fi ìmọ̀ tí ó dájú kẹ́ wa, kí Ó sì máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.