Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ pẹ̀lú Kásẹ́ẹ̀tì Kan

Ní ọjọ́ tí mo gbéra láti Àkúrẹ́, tí mo dorí kọ Ìkẹ́rẹ́, ìlú Ògògà, ìlú tí òkúta ńláńlá yí ká bí ọgbà tí Ẹlẹ́dàá fúnra rẹ̀ mọ, ẹrù mi kò ju kásẹ́ẹ̀tì kan lọ, orin ẹgbẹ́ Irakere, èyí tí Chucho Valdés, atẹdùùrù ọmọ Cuba, dá sílẹ̀ ní Havana ní ọdún 1973, tí wọ́n ń lu bàtá mọ́ fèrè àti dùùrù jáàsì. Ọ̀rẹ́ mi tí ó fi ránṣẹ́ láti òkè òkun kọ̀wé pé Ìkẹ́rẹ́ wa yìí ni Irakere. Bí kò bá ṣe òun, ìbátan rẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Láti Ìkẹ́rẹ́ a yà sí Ìsẹ̀, ìlú Arínjálẹ̀, níbi tí Ọlọ́wẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére, ti ṣiṣẹ́ kí ó tó re ìwàlẹ̀ àṣà ní 1938. Òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn ní Wembley ní 1924, tí kò padà wálé mọ́, tí àwọn òyìnbó fi àga ìtẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ fún ọba. Ilẹ̀kùn lọ, àga dé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbé ìlù lọ sí Cuba nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí lọ́hùn-ún, kò rí àpótí jókòó lé, áḿbọ̀sìbọ́sí àga. Síbẹ̀ Iyá, Itótele àti Okónkolo ni bàtá mẹ́ta wọn ń jẹ́ títí dòní. Nígbà tí Chano Pozo, onílù ọmọ Cuba, sì bá Dizzy Gillespie, afọnfèrè jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, pàdé ní New York ní 1947, tí ọ̀kan kò gbọ́ èdè èkejì, ìlù ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá onílù kan ní Ìsẹ̀, mo sì tan kásẹ́ẹ̀tì náà. Bí fèrè ti ń dún ni bàbá ń yán, tí ó ń wo adìyẹ tí ń ha ilẹ̀. Mo rò pé ìrìn òfo ni mo rìn. Àfi bí bàtá ti wọlé, tí igi méjì ń ṣá ara wọn lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí ó mí díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, ni bàbá bá na ọwọ́ sí agogo rẹ̀, tí ó sì ń lù ú lọ, kò ṣi ẹyọ kan.

“Ọ̀yọ́ ló ni bàtá,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n agogo yìí, mo bá a nílé ni. Gbọ́, ọmọ mi, àwọn afọnfèrè yìí sáré jìnnà. Ẹni tí ń lu igi yẹn ló mọ ọ̀nà ilé.”

“Bàbá, ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ orúkọ Irakere rí?”

Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí, èyí sì tẹ́ mi lọ́rùn ju bí ó bá ti purọ́ lọ. Awakọ̀ ń pariwo pé òjò ti ṣú lójú ọ̀nà Èmùré. Bàbá kò dá a lóhùn. Ó ní kí n dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà síbi tí bàtá ti wọlé.