Ẹran Abìyẹ́ Tí Wọ́n Tu Níyẹ̀ẹ́

Iṣẹ́ àṣetiléwá ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní Bajulaiye. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ya ẹranko kan tí ó ti run kúrò láyé, kí ó sì fún un ní orúkọ Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan mú Velociraptor. Àwòrán kò kúkú wọ́n ọmọ Ṣómólú, ìlú àwọn atẹ̀wé. Ara ìwé àlẹ̀mógiri ni ó ti wò ó yà: ẹranko tí ó ga bí àgbàlagbà, tí awọ rẹ̀ rí bí ti aláǹgbá, tí eyín rẹ̀ mú bérébéré. Ó kọ "Aláǹgbá Abàmì" sí abẹ́ rẹ̀.

Ìyá àgbà rẹ̀, tí ń ta adìẹ, tí ó sì ń bá oníbàárà tu ìyẹ́, dáwọ́ dúró nígbà tí ó rí àwòrán náà.

"Ẹsẹ̀ adìẹ ni mo rí yìí. Ta ló tu ìyẹ́ ara rẹ̀?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà ti wá ìdáhùn lórí fóònù. Ní 1923 ni àwọn awalẹ̀ láti American Museum of Natural History rí agbárí ẹranko yìí ní aṣálẹ̀ Gobi, ní Mongolia. Ní 1924, Henry Fairfield Osborn sọ ọ́ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí olè ẹlẹ́sẹ̀ yíyá. Kò ga bí ènìyàn rárá. Tòlótòló ni ó sún mọ́, nǹkan bí kílò 15, bí ó tilẹ̀ ní ìrù gígùn. Fíìmù Jurassic Park ti 1993 ni ó sọ ọ́ di òmìrán, bóyá nítorí pé ohun tí ó tó tòlótòló kò lè dẹ́rù ba ènìyàn. (Ẹni tí akọ tòlótòló bá ti lé rí yóò jiyàn èyí.)

Ní 2007, Alan Turner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí kókó kéékèèké mẹ́fà lára egungun apá ọ̀kan nínú wọn, irú èyí tí ìdí ìyẹ́ ń so mọ́ lára ẹyẹ òde òní. Ta ló tu ìyẹ́ rẹ̀, nígbà náà? Àwọn ayàwòrán ni.

Àṣìṣe orúkọ ti pẹ́ ju ti àwòrán lọ. Ní 1842 ni Richard Owen pe gbogbo ẹ̀yà wọn ní dáínósọ̀, èyíinì ni aláǹgbá abanilẹ́rù, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé inú wọn ni ẹyẹ ti jáde. Yorùbá tí ó bá tú u bẹ́ẹ̀ jogún àṣìṣe ẹlòmíràn. Ní Niger, aládùúgbò Nàìjíríà, Paul Sereno sọ ẹranko kan ní Afromimus ní 2017, ó kà á mọ́ àwọn dáínósọ̀ tí ó jọ ògòǹgò. Ní 2019, àwọn onímọ̀ mìíràn ní ìdílé ọ̀tọ̀ ni. Orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ìyá àgbà, kí ni kí n wá pè é?"

"Kí ló ń jẹ?"

"Ẹran ni, mà."

"Ṣé ó ń fò?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n ó ní èékánná kan lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó tẹ̀ bí dòjé. Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé òun ló fi ń tẹ ẹran mọ́lẹ̀."

"Bí àwòdì ṣe ń ṣe òròmọdìẹ nìyẹn. Àwòdì ilẹ̀ ni."

Ọmọ náà pa "Aláǹgbá Abàmì" rẹ́. Ó fa ìjókòó sún mọ́ àgò adìẹ, ó ń wo apá èyí tí ó wà níwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìyẹ́.