Kámẹ́rà tó ń kú lójú ọ̀nà

Ẹ̀yin ọlọ́kadà Ẹ̀gbẹ́dá tí ẹ ń so kámẹ́rà mọ́ ọ̀kadà, kí ẹ tó sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo iná tó ń wọ inú rẹ̀. Bátìrì ọ̀kadà jẹ́ volt 12. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó ń gòkè tó 14. Volt 5 ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré ń fẹ́.

Ẹ̀yà kékeré tí wọ́n ń pè ní 7805, tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fẹ́ràn, lè já iná náà wálẹ̀ sí 5 lóòótọ́, àmọ́ ooru ló ń sọ ìyókù dà. Bí kámẹ́rà bá ń fa amp kan, nǹkan bíi watt 9 ló ń ṣòfò. Ẹ fọwọ́ kan 7805 náà wò, kíá lẹ ó yọwọ́! Bó bá gbóná jù, á dákẹ́. Bó bá tutù, á tún jí. Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa níwájú ilé, tí á sì kú kí ẹ tó rìn jìnnà lójú ọ̀nà Ifẹ̀.

Buck converter, tí òun náà ń já iná wálẹ̀ sí 5, ni kí ẹ lò dípò rẹ̀, kì í fi iná ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé fíúùsì, ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an ni kó wà. Wáyà tó bó, tó wá ń kan irin lábẹ́ táńkì epo, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gan-an.