Ọjọ́ Mẹ́ta ní Berlin

Ẹnu ibodè ni mo ti kọ́kọ́ ṣẹ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ni a tẹ̀lé àwọn olùkọ́ wa méjì láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Berlin, olú-ìlú Jámánì, fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, àwọn ẹgbẹ́ mi tó ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì kọjá wẹ́rẹ́. Ó wá ku èmi tí mo di ìwé ìrìnnà Nàìjíríà mú, àti ọmọbìnrin kan tó di ti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ mú. Aṣọ́bodè yẹ físà wa wò síwá sẹ́yìn. Ó wo ojú mi, ó wo ojú rẹ̀, ó sì béèrè bóyá ìbátan ni wá.

"Rárá o," mo tètè dáhùn. "Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni tirẹ̀."

Irọ́ ni mo pa, mo sì mọ̀. Ọmọbìnrin náà kò fèsì. Ó gba ìwé rẹ̀, ó sì kọjá.

Mẹ́rin ni àwa ọ̀rẹ́ tí a máa ń jókòó pọ̀ nílé ẹ̀kọ́. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí àwọn méjì sí. Èmi dé láti Èkó nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Òun dé láti Kútọnu ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ṣùgbọ́n Kétu ni ilé bàbá rẹ̀. Yorùbá ni a jọ ń sọ, àmọ́ tirẹ̀ ṣàjèjì létí wa. Bó bá lanu báyìí, a ó ní kó tún un sọ, a ó sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wa. "Faransé" ni a sọ ọ́. Òun náà a máa bá wa rẹ́rìn-ín, èyí ló jẹ́ kí n rò pé kò dùn ún. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mi ò mọ̀ pé tèmi ti fọ́ tipẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n mú wa lọ wo ẹnu odi ńlá tí wọ́n ń pè ní Brandenburg. Láàárín ọdún 1788 sí 1791 ni wọ́n kọ́ ọ. Òpó rẹ̀ ga, ère ẹṣin mẹ́rin tó ń fa kẹ̀kẹ́ ogun sì wà lórí rẹ̀. Olùkọ́ wa sọ pé nígbà tí wọ́n mọ odi tó pín Berlin sí méjì ní 1961, ìdí odi ni ẹnu ọ̀nà yìí bọ́ sí. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko ni ará ìlú kò fi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọ̀rẹ́ mi sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Àwa náà ní ẹnu odi àtayébáyé ní Kétu. Akaba Idena ni wọ́n ń pè é."

Ọ̀kan nínú wa bi í pé ṣé ẹṣin wà lórí tiwọn náà. Ẹ̀rín bú. Mo bá wọn rín in. Lọ́tẹ̀ yìí, òun kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, a rìn lọ sí òpópónà Wilhelmstraße, tí kò jìnnà sí ibẹ̀ rárá. Mo ti ń retí ààfin. Ohun tí mo rí ni àwọn ilé gbígbé alájà púpọ̀, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n so mọ́ irin, àti ìyá kan tó ń ti ọjà bọ̀. Pátákó kan ṣoṣo ló fi hàn pé ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àdúgbò náà ni ilé Bismarck wà, níbi tí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá ti ṣèpàdé lórí ọ̀ràn ilẹ̀ Áfíríkà láti ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1884 di ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1885. Kò sí ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo nídìí tábìlì náà.

Ohun tí mo ti gbọ́ láti kékeré ni pé wọ́n gbé rúlà lé àwòrán ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì gé Áfíríkà bí ẹni gé búrẹ́dì. Olùkọ́ wa ní kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Òfin ìjà ni wọ́n ṣe níbẹ̀: bí wọ́n yóò ṣe máa ṣòwò lórí odò Kóńgò àti odò Ọya, àti pé ẹni tó bá ní òun gba etíkun kan gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn yòókù, kó sì fi hàn pé òun ń ṣàkóso ibẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá ń fa ìlà kiri, ní méjì-méjì. Wọ́n pín ìwé fún wa, kí kálukú ka ìtàn ààlà kan. Èyí tó kàn mí ni ti Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889. Nípa ìlà yẹn, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìmẹ̀kọ! Ìlú ìyá àgbà mi nìyẹn.

Bí mo ti gbójú sókè, ojú ọ̀rẹ́ mi ni mo bá pàdé. "Ọmọ Kétu ló tẹ Ìmẹ̀kọ dó," ó wí. "Ṣé o ò mọ̀ ni?"

Mi ò mọ̀. Ó wá sọ fún mi pé ní 1886, ọdún mẹ́ta ṣáájú ìlà yẹn, ogun Dàhòmì ti fọ́ Kétu. Wọ́n kó àwọn kan lẹ́rú, àwọn tó kù fọ́n ká. "Ìlú tó ti tú ni wọ́n pín," ó wí, ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bàbá rẹ̀ ló sọ ìtàn náà fún un. Ìtàn ìlú tèmi ló wà lẹ́nu rẹ̀, èmi sì ń fi ẹnu náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ìyá àgbà lórí fóònù. Mo ní, "Màmá, ẹ kú alẹ́. Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ Kétu ni wá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún ọ? Ìyá tó bí mi lọ́mọ, Kétu ni wọ́n ti gbé wọn níyàwó wá sí Ìmẹ̀kọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọjọ́ ọdún kì í pé kí a má lọ kí àwọn ẹbí wa níbẹ̀."

Mo ní ọmọ Kétu kan wà lọ́dọ̀ mi, mo sì na fóònù sí ọ̀rẹ́ mi. Ó kúnlẹ̀ lórí ibùsùn bí ẹni pé màmá wà níwájú rẹ̀. Wọ́n bi í ní agbo ilé rẹ̀. Ó dáhùn. Màmá pariwo ayọ̀, ni ohùn wọn bá yí padà. Ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí ni. Mo gbọ́ díẹ̀, púpọ̀ fò mí ru. Wọ́n ń sọ, ọ̀rẹ́ mi ń fèsì, ẹ̀rín wọn dọ́gba. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé gbogbo ọdún tí màmá fi ń bá mi sọ̀rọ̀, ńṣe ni wọ́n ń pa ohùn wọn dà nítorí tèmi. Èdè tí mo fi ń rẹ́rìn-ín ní kíláàsì, èdè ilé màmá mi ni.

Lọ́jọ́ kẹta, a lọ sí òpópónà Bernauer Straße, níbi tí wọ́n ti tọ́jú apá kan odi Berlin. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi náà ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1961, àwọn ilé kan wà ní apá ìlà oòrùn, àmọ́ ojú pópó iwájú wọn jẹ́ ti ìwọ̀ oòrùn. Àwọn ènìyàn ń bẹ́ láti ojú fèrèsé kí wọ́n lè bọ́ sí òdìkejì. Àwọn kan kú. Àwòrán àwọn tó kú nídìí odi náà wà níbẹ̀. Ọmọdé wà nínú wọn. Níbi tí odi ti wó, wọ́n ri irin gbọọrọ-gbọọrọ mọ́lẹ̀ láti fi ipa rẹ̀ hàn. Ènìyàn lè gba àárín wọn kọjá. Mo kọjá, mo tún padà, mo tún kọjá.

Lẹ́yìn irin wọ̀nyẹn ni mo ti bẹ ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, "Jọ̀ọ́, má bínú. Ohun tí mo sọ ní ibodè kò dára. Ẹ̀rín tí mo ń rín náà kò dára."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn lo ti ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Mo mọ ohun tó ń wí. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wa méjèèjì pé ọmọ Kétu ni èmi náà, pé mi ò ní pè é ní Faransé mọ́, àti pé kí àwọn náà má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohùn mi ń gbọ̀n. Ọ̀kan rọra ní òun ti gbọ́. Èkejì rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti di àgbàlagbà. Ó dùn mí, mo sì mọ̀ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo tọ́ wò nínú ohun tí ọ̀rẹ́ mi ti ń jẹ láti ọdún mẹ́ta.

Odi Berlin wó ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1989, gbogbo ayé ló sì rí i. Ìlà tó wà láàárín Kétu àti Ìmẹ̀kọ ṣì wà níbẹ̀. Ọmọdé bíi tèmi kò lágbára láti pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi àti àwọn ẹbí wọn kò jẹ́ kó dé inú ilé. Èmi tí mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà, èmi ni mo gbé e lọ sí kíláàsì ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ọjọ́ Àìkú, nígbàkigbà tí mo bá pe màmá, mo ti ń ní kí wọ́n má pa ohùn wọn dà fún mi mọ́. Mo ń gbọ́ díẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà mi rárá, ìbéèrè kan ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí: "Ọmọ wa ará Kétu ńkọ́?"