Ayò Lórí Kọ̀ǹpútà: Ìdánwò Ló Ń Ṣáájú



Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dúró dìgbà tí àwọn ọmọ bá kọ ìdánwò tán kó tó mọ ohun tí yóò fún ní máàkì. Ó ti kọ ìdáhùn àti iye máàkì sílẹ̀ ṣáájú, èyí tí Faransé ń pè ní barème. Ọ̀nà kan wà tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń tọ̀ tó jọ bẹ́ẹ̀: kọ ìdánwò ná, kí o tó kọ ètò. Kent Beck, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé lórí rẹ̀ tó jáde ní 2002.

Eré bowling ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ ọ. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ọ̀sán Ọjọ́rú kò rí bowling rí, ni mo bá fi ayò rọ́pò rẹ̀: ihò 12, ọmọ 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀.

Ìdánwò àkọ́kọ́: bí ọmọ tí mo jù kẹ́yìn bá bọ́ sí ìhà ẹnìkejì, tó sì di 2 níbẹ̀, mo jẹ 2. Pupa yọ, torí a kò tíì kọ ètò kankan. Ọmọkùnrin kan kàn ní kí ètò máa dáhùn "2" nígbà gbogbo. Àwọ̀ ewé yọ! Àwọn yòókù pariwo pé màgòmágó ni. Mo ní kí wọ́n kọ ìdánwò tí yóò mú un. Wọ́n kọ ọ́: bó bá di 3, mo jẹ 3. Pupa padà dé. Bó bá di 4, n kò jẹ. Bí ihò tó ṣáájú rẹ̀ ní ìhà yẹn náà bá ní 2 tàbí 3, mo kó o mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní 25 ti borí; 24 sí 24, ọ̀mì. Lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan, a ó kọ ìwọ̀nba tí yóò mú un yege, a ó tún un tò, a ó lọ sí òmíràn. Bí iná bá lọ, a ó gbé ọpọ́n jáde, a ó fi ọwọ́ dán an wò.

Ìbéèrè kan ló dá ìjà sílẹ̀: bí mo bá lè jẹ gbogbo ọmọ tó wà ní ìhà ẹnìkejì ńkọ́? Ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ mi ni. Òmíràn ní bàbá àgbà òun kò gbà bẹ́ẹ̀, pé a kì í fi ebi pa ẹni tí a jọ ń ṣeré. Kọ̀ǹpútà kò lè bá wa dá ẹjọ́ yìí. Ẹni tó kọ ìdánwò ni yóò gbè. Mo rán wọn lọ bi àwọn àgbà ilé, ìdáhùn méjì ni wọ́n mú bọ̀. A kọ méjèèjì sínú ètò, kí ẹni tó fẹ́ ṣeré yan èyí tó wù ú.

Ayò ti wà lórí fóònù báyìí, ẹlòmíràn ló sì yan òfin rẹ̀. Bí a kò bá kọ tiwa sílẹ̀, lọ́jọ́ kan fóònù yóò sọ fún ọmọ yín pé bàbá àgbà rẹ̀ ń rẹ́ni jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, báwo lẹ ṣe ń ta á lọ́dọ̀ yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. A ó fi ṣe ìdánwò tó kàn.