Èéfín Nìkan Kọ́ Ni Rásítà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń dá irun sí, tí wọ́n ní àwọn ti di Rásítà. Ní Kétu níbí, bí a bá ti rí irú irun bẹ́ẹ̀ lórí ọmọkùnrin, ohun tí a máa ń sọ ni pé, "Ó ti ń mu igbó." Ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé tiwa. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ti Kútọnu dé pẹ̀lú irun yìí. Àwọn ẹbí ní kí a dì í mú, kí a fá a. Mo ní kí wọ́n dúró ná.

Erékùṣù Jàmáíkà ni ẹ̀sìn Rásítà ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1930, wọ́n dé Ras Tafari ládé ní Etiópíà, ó sì ń jẹ́ Haile Selassie. Ní ọdún 1933, Leonard Howell ń wàásù ní Jàmáíkà pé ọba aláwọ̀ dúdú yìí ni Mèsáyà. Ẹ rò ó wò: àwọn ènìyàn tí wọ́n ti ń kẹ́gàn àwọ̀ wọn láti kékeré, ẹnì kan wá sọ fún wọn pé ọba wọn ń bẹ ní Áfíríkà.

Ohun kan yà mí lẹ́nu. Ní èdè Àmárà ti Etiópíà, "ras" túmọ̀ sí orí. Orí! Àwa Nàgó tí a ń bọ orí, tí a ń kí orí wa ní òwúrọ̀ kí a tó kí ẹnikẹ́ni, báwo ni a ó ṣe pe ìyẹn ní ohun àjèjì? Àwọn Rásítà tún gbà pé Ọlọ́run ń gbé inú olúkúlùkù. Nítorí náà, dípò "èmi àti ìwọ", "èmi àti èmi" ni wọ́n máa ń wí. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá ń fi omi tútù kan orí mi ní ìdájí.

Irun náà kò sì ṣàjèjì sí wa. Ọmọ dàdá wà nínú ilé wa. A kì í fi òòyà yà á lórí, a kì í sì gé irun rẹ̀ láìṣe ètùtù.

Ó ku ewé. Gánjà ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ti èdè Íńdíà wá. Àwọn ará Íńdíà tí Gẹ̀ẹ́sì kó wá ṣiṣẹ́ oko ìrèké láti ọdún 1845 ni ó mú un dé Jàmáíkà. Àwọn Rásítà máa ń jókòó yíká, wọ́n á gbàdúrà kí wọ́n tó tan iná sí i, wọ́n á ka Bíbélì, wọ́n á lu ìlù, wọ́n á sì jọ jíròrò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Wọ́n ní ó ń ṣí ojú inú. Síbẹ̀, Rásítà mìíràn wà tí kì í mu ún rárá.

Ọmọ wa sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan tí òun mu ún, òun gbọ́ àyà òun bí ìlù, òun sì mọ̀ pé Ọlọ́run wà nítòsí. N kò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Mo bi í pé, "Ta ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ?"

Ó ní, "Bàbá, èmi nìkan ni."

"Ta ni ó gbàdúrà?"

Kò dáhùn.

Ní ilẹ̀ Gàbọ́n, níbi tí ọ̀pọ̀ ará wa ti lọ ṣiṣẹ́, àwọn ẹlẹ́sìn Bwiti máa ń jẹ èèpo gbòǹgbò ìbógà láti rí àwọn òkú wọn. Oògùn líle ni, ó ti pa ènìyàn rí. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni ó máa ń jókòó ti ẹni tí ó jẹ ẹ́, pẹ̀lú orin àti ìlù mọ́jú. Èwo ni ti ọmọ kékeré tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí? Igbó lè da orí ọ̀dọ́ rú, pàápàá bí àìsàn ọpọlọ bá wà nínú ẹbí rẹ̀. Ní Jàmáíkà, láti ọdún 2015, òfin ti gba Rásítà láyè láti lò ó fún ìsìn. Òfin Bẹ̀nẹ̀ kò gbà á. Ẹni tí ọlọ́pàá bá ká a mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n lè dé.

Ní ti pé Haile Selassie ni Ọlọ́run, n kò gbà. Ọmọ ìjọ Kristi ti Etiópíà ni ọba náà títí ó fi kú ní ọdún 1975. Mo sọ èyí fún ọmọ náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé Ṣàngó kò jọba rí ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí ẹbí pé jọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún olórí ẹbí, mo sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Coral Gardens ní Jàmáíkà, ní oṣù kẹrin ọdún 1963. Ìjà kan ṣẹlẹ̀, ènìyàn mẹ́jọ kú. Ni wọ́n bá ń kó Rásítà káàkiri, àtẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì fi agídí gé irun wọn. Ní ọdún 2017, olórí ìjọba Jàmáíkà tọrọ àforíjì ní ilé ìgbìmọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí irun wà. Ẹ jẹ́ kí a bá a sọ̀rọ̀ èéfín." Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Ọmọ náà ṣèlérí pé òun kò ní mu igbó mọ́ nínú agbo ilé. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí ó ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà fẹ́ ẹ, a ṣì ń bá a sọ ọ́.

Ó mọ Faransé kà, kò mọ Yorùbá kà. Ó wá ń wá sí kíláàsì wa ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nítorí ó fẹ́ fi èdè ìyá rẹ̀ ka Ìwé Númérì orí 6, níbi tí ọ̀rọ̀ abẹ tí kò gbọdọ̀ kan orí wà. Ẹsẹ 5 ni ìyẹn wà. Ẹsẹ 3 ni ó ń kà lọ́wọ́, èyí tí ó ní kí ẹni náà má fẹnu kan ọtí.